Ìwé Gbèsè Baba Mi Àgbà

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ìrì tó gbẹ lórí páànù Ìjọ̀kà,
rédíò ní àwọn ọ̀gá méjì tún ti ń nàka síra wọn
nítorí òkun tóóró kan tí n kò lè tọ́ka sí lórí àwòrán ayé.
Ọ̀kan ní òun yóò tì í pa bí ilẹ̀kùn yàrá.
Ìkejì ní bí ó bá tì í, iná lòun yóò fi ṣí i.
Oníròyìn húkọ́ díẹ̀,
ó bọ́ sórí bọ́ọ̀lù.

Kí oòrùn tó kan àtàrí
epo dísẹ́ẹ̀lì ti gẹsẹ̀ lé àkàbà.
Mọ́ṣebọ́látán tó ń fẹ̀rọ lọ ata lẹ́bàá ọgbà Gírámà
fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tuntun sára pátákó,
ó nu ún, ó tún kọ òmíràn.
Mo ní, "Ogun ta ni?"
Ó ní, "Ẹ bi ẹ̀rọ. Èmi ò mọ̀ wọ́n rí.
Ata wọn ni wọ́n ń lọ, èmi lojú ń ta."

Ní Iléṣà yìí, a mọ iná.
Láti ilé ni àwọn baba wa ti ń mú un lọ sóko,
wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé ìṣáná àlejò.
Ṣùgbọ́n mo ti béèrè bí wọ́n ṣe ń gbé e:
ẹyin iná nínú àpáàdì, eérú lórí rẹ̀,
ọwọ́ òsì tó ṣíji bò ó,
ẹsẹ̀ tó ń rọra kọjá lẹ́bàá òrùlé koríko ẹlòmíràn.
Bí èérún iná bá ta sí abà aládùúgbò,
ẹ̀bẹ̀ nìkan kò tó:
ìwọ lo ó wá imọ̀, ìwọ lo ó gégi, ìwọ lo ó gun òrùlé.
Àwọn ọ̀gá méjì yìí,
ta ló kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé iná?

Òṣómàálò ni baba mi àgbà, Fápohùndà.
Aṣọ àwìn ló ń tà dé Ìlọrin,
dé àwọn ìletò tí a ò mọ orúkọ wọn mọ́.
Bí onígbèsè bá ní "ó dọ̀la,"
yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
bójò ń rọ̀, bí wọ́n ń gúnyán nínú ilé, bí wọ́n ń sunkún,
kò ní dìde.
Wọ́n ní ó lóṣòó ti olóyè kan fún ọjọ́ mẹ́ta
nítorí ṣílè mẹ́rin,
olóyè tó lẹ́ṣin, tó lẹ́ṣọ̀ọ́.
Lọ́jọ́ kẹrin, olóyè sanwó, ó sì bù fún un lómi mu.

Ìwé gbèsè rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.
Ikán ti jẹ etí rẹ̀.
Orúkọ tó gbẹ̀yìn ni Laníhún ará Ọ̀fà,
ṣílè méjì àti sísì, kò tíì san.
Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé:
Ọ̀gá kìíní, dísẹ́ẹ̀lì gálọ̀nù méjì, ti Mọ́ṣebọ́látán.
Ọ̀gá kejì, owó ọkọ̀ ọmọ mi tí kò lè wálé fún Ìwúde.
Àwọn méjèèjì, oorun mi, òru mẹ́sàn-án.
Mo ronú díẹ̀, mo fi àwọn tiwa n'Ábùjá kún un,
tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa,
tí wọ́n sì gba ibẹ̀ kó tiwọn.
Ìlà ò gbà wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ìwé ni mo kọ wọ́n sí.

Lálẹ́, mo lóṣòó síwájú rédíò.
Orúnkún mi dún bí ẹ̀ka gbígbẹ.
Ọ̀gá kìíní ń sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn,
ó ní orílẹ̀-èdè òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.
Ìyàwó mi ní, "Dìde, orúnkún rẹ kì í ṣe ti Fápohùndà."
Mo ní ó ku díẹ̀.
Bátìrì ti ń kú lọ, ohùn ọkùnrin náà ti di tín-ín-rín.
Mo ṣì lóṣòó.