Ulé àti Ilé

Tíṣà Orímolóyè gbé kọ̀ǹpútà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Àró,
ó fi aṣọ ìnura wé e bí ọmọ tuntun.
"Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe," ni baba wí,
"mo sọ gbogbo inú rẹ̀ di tuntun.
Láti ìgbà náà, ìyá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó pé ọdún mọ́kànlélógún tí ìyá náà ti sùn.
Ohùn rẹ̀ ló kù, nínú ètò kan
tí tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mú,
lórí Línọ́ọ̀sì ayé ọjọ́un:
wákàtí mẹ́rin àbọ̀, bí wọ́n ṣe ń la kòkó, orúkọ àwọn odò,
ẹni tó fẹ́ ta, ẹni tó jẹ ta lówó.

Mo tan án. Mo tẹ orúkọ ètò náà.
Ìlà kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn, kò tilẹ̀ bínú:
láíbìrì ohùn tí mo ń wá kò sí nílé.

Irọ́. Ó wà nílé. Mo rí i.
Àmọ́ nọ́ńbà ìdí orúkọ rẹ̀ ti kúrò ní oókan, ó ti di eéjì,
nínú ilẹ̀kùn mẹ́ta tí ètò tíṣà mọ̀,
wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí méjì pa.

Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi ti Ìbàdàn wá sí Àkúrẹ́,
ọmọ ọdún méje. Ìyá àgbà ní kí n sáré wọ ulé.
Mo dúró ní àgbàlá, mò ń wò ó lójú.
Ilé ni mo mọ̀. Kí ló ń jẹ́ ulé?
Ẹsẹ̀ mi sì wà lẹ́nu ọ̀nà ohun tó ń pè gan-an.
Ó ní kí n mú usu wá, ọwọ́ òfo ni mo mú padà,
iṣu sì wà lẹ́bàá ààrò, ó jókòó tòun ti erùpẹ̀ lára.

Bí ètò àtijọ́ àti láíbìrì tuntun ṣe ń wo ara wọn nìyẹn.
Kò sẹ́ni tó ya odi.
Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ tuntun, wọn ò ṣe é tìkà-tìkà,
wọ́n ń gbálẹ̀ ni, wọ́n ní èyí ti gbó, ta ló tún ń lò ó?
Tíṣà Orímolóyè ni, l'Ókè-Àró, ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́.

Ọgbọ́n ọ̀lẹ ni mo kọ́kọ́ dá:
mo fún tuntun ní orúkọ àtijọ́,
pé bí wọ́n bá ti pe ulé, kó ṣáà dáhùn.
Ó dáhùn. Ohùn jáde.
Ṣùgbọ́n ìyá tíṣà ń sáré sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ,
tínrín, ó ń ta pàrà bí àgbàdo nínú epo.
Bí ọ̀kan bá ka ẹyọ kan, èkejì ti ka méjì.
Tíṣà bojú. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

Ni mo bá kọ ògbufọ̀ kan sáàárín àwọn méjèèjì,
kó gbọ́ ulé lápá ọ̀tún, kó sọ ilé lápá òsì,
kó sì máa fà wọ́n lọ́wọ́ rìn pọ̀.
Wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ Mósúnmọ́lá aránṣọ ló gbà wá.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo méjìlá lù, ìyá náà wúkọ́.
Ikọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dé.
Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀, tó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná:
ó pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í pè é mọ́,
ó ní kó ti ilẹ̀kùn ulé, òjò ń bọ̀.

Tíṣà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, dìde,
ó lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi.
Kò sí òjò. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni.