Ojú Ewé Tí Mo Ká Létí

Òjò Ìsarà kò mọ ìwọ̀n.
Iná ti lọ láti àárọ̀,
obì mẹ́ta péré ni mo tà,
bàbá onílé sì ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fi àgbọ̀n há tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọrùn, mo ṣíwèé.
Abọ́sẹ̀dé tún ń fi lọ́yà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́:
"Ẹnu ẹ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì,
ẹsẹ̀ ẹ ṣì wà ní Ṣágámù."
Ẹ̀rín gbọ̀n mí;
tọ́ọ̀ṣì bọ́ ní àgbọ̀n mi, ó kó sínú agbọ̀n obì.

Mo mọ̀ pé yóò fẹ́ ẹ.
Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mo kà á nìyí.
Síbẹ̀, bó ṣe lanu láti jẹ́ hẹ̀n,
mo pa ìwé dé,
kí ọ̀la lè rí nǹkan mú wá
yàtọ̀ sí bàbá onílé.