Ewé Tó Kù

Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà ní Pákátà,
bàbá mi ti sín lẹ́ẹ̀méje.
Ó máa ń kà á fúnra rẹ̀ bí ẹni ń ka owó iṣẹ́.
Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, "Alihamudulilahi,"
àwa ọmọ á dá a lóhùn lábẹ́ aṣọ ìbora,
"Yarihamukalahu," títí ó fi sú wa,
tí Múínátù wá ń fi ẹyọ kan dáhùn mẹ́ta
kí ó lè rí oorun sùn.

Ọyẹ́ ọdún náà kò mojú ẹnìkan.
Ètè là, gìgísẹ̀ là,
ojú bàbá mi pọ́n bí ẹ̀yinná,
imú rẹ̀ ń kán tó, tó, tó, bí òrùlé tó ń jò,
ó ń yún un dé àjà ẹnu
níbi tí èékánná kò lè dé.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Awáwù ní Afọ́n.
Ó dé tòun ti igbá rẹ̀, kò tíì kí wa tán
tó fi béèrè omi gbígbóná.
Ẹfinrin ló kọ́kọ́ fọwọ́ ra,
ó kán an sí bàbá mi nímú.
Bàbá pariwo! Imú là, ó gbóòórùn ọbẹ̀
fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí òjò ti dá.
Ìrọ̀lẹ́ dé, imú tún dí.
Ó gún atalẹ̀ mọ́ oyin. Ó ní kó jẹ orógbó, kó má mumi.
Ó fi osùn pa á níbi tí ara ti lé wúruwùru,
bàbá mi pupa bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé,
a rẹ́rìn-ín, ó sín, a tún rẹ́rìn-ín.
Imí-eṣú ni kò bá a lára mu:
ojú rẹ̀ wú títí kò fi rí etí aṣọ tó ń hun.
Ìyá Awáwù da àgbo náà sí ìdí ìbẹ́pẹ,
ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ó ku ewé kan," ló sọ fún igbá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi lọ síbi òkú ní Àjàṣẹ́.
Eruku ọ̀nà, ọyẹ́, èéfín, kò sín rárá.
Ó padà dé, ó wọ ilé òfì,
ó nawọ́ sí ìdì òwú funfun —
hà-tíṣììì!
Ìyá Awáwù wo fọ́nrán òwú tó ń fò nínú ìtànṣán oòrùn,
ó wo èmi, ó wo yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé mi lórí okùn.
"Mo ti mọ ewé tó kù," ó ní.
"Òwú ni. Mi ò sì lè ní kí o já a sọnù."

Kò gba owó. Àjákù aṣọ kan ló bèèrè,
elésè àlùkò, ìyókù iṣẹ́ ìyàwó kan,
ó fi bò ó nímú, ó so ó lẹ́yìn orí.
Báyìí ni bàbá mi ṣe ń hunṣọ di òní,
òwú ń gbà á lọ́wọ́ òwú.
Ní àsùbáà ó ṣì ń sín,
ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta.
Múínátù ti lọ sílé ọkọ.
Èmi nìkan ló kù tí ń dáhùn,
mi ò sì fo ọ̀kankan.