Mo Ń Wọn Èéfín

Òkè ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọ́fíìsì wa wà,
fèrèsé kan, tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.
Ìjọba ẹkùn Sílésíà kọ̀wé sí wa:
bí ẹ bá kó gbogbo ààrò èédú kúrò nílùú yín
kí ọdún márùn-ún tó pé,
tọ́ọ̀nù mélòó ni yóò dín?

Èéfín! Ohun tí ọwọ́ ò lè gbá mú
ni wọ́n ní kí n gbé sórí ìwọ̀n.

Mo wọ bàtà yìnyín, mo ń ka ihò èéfín lórí òrùlé.
Irinwó ó lé mọ́kànlá.
Mo tún un kà lálẹ́ Sátidé:
irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún.
Àwọn mẹ́fà kan wà tí kì í dáná lójú ìmọ́lẹ̀.

Ilé Alojzy ni mo pẹ́ sí jù.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló lò lábẹ́ ilẹ̀;
èédú wà lára owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀,
tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ́dọọdún, wọ́n á dà á sẹ́nu ọ̀nà.
Ó ní, "Ọmọ Hildegarda, jókòó.
Ṣé kí n jù ú nù ni,
ohun tí mo fi ẹ̀dọ̀fóró mi rà?"
Ó wúkọ́.
Ìwé mi ò ní àyè tí wọ́n ń kọ ikọ́ sí.

Mo padà sídìí ìṣirò.
Òfin ẹkùn: ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, bí wọ́n bá pa á mọ́.
Owó ìrànwọ́ tí ìlú fi kún un: bóyá ìdá kan sí i.
Bọ́ọ̀sì oníná tí olórí ìlú ṣèlérí:
mo kọ òdo, mo fàlà sábẹ́ òdo náà.
Ògiri ilé ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ fi nǹkan bò: kékeré ni,
àmọ́ mo fọwọ́ kàn án láti ìta lóṣù kìíní,
ó lọ́wọ́ọ́wọ́.
Ojú ọ̀run là ń dáná fún látọjọ́ yìí.

Mo kọ ọ́ pé: láti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún tọ́ọ̀nù dé ẹgbẹ̀jọ.
Ọ̀gá Eustachy bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Wọn ò fẹ́ 'láti', wọn ò fẹ́ 'dé'. Nọ́mbà kan ṣoṣo!"
Mo ní ẹni tó bá mọ iye ìgbà tí Alojzy yóò jí lóru
kó wá mú nọ́mbà kan ṣoṣo wá.

Lóṣù kẹta, èéfín ò jáde nílé bàbá náà.
Mo sáré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú.
Mo bá a níjòókòó, ẹ̀wù òtútù méjì lọ́rùn.
"Mo ní kí n fi ọjọ́ kan wò ó ni.
Mélòó nìyẹn nínú ìwé rẹ?"
"Kílò mẹ́rìndínlógójì."
"Ó ju àpò ọ̀dùnkún kan lọ," ó ní,
ó rẹ́rìn-ín, ó ṣáná sí ààrò.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó jáde:
irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún ààrò,
ẹ yọ ọjọ́ kan.