Òkìtì Ìyẹ̀fun Pákó

Lẹ́yìn ilé ìlagi, ní Ìjẹ̀bú-Igbó,
òkìtì ìyẹ̀fun pákó kan wà tí kì í rú èéfín.
Nígbà tá a bá gùn ún, bàbá mi a pa ẹ́ńjìnnì, a jágbe:
"Ẹ sọ̀! Iná ń bẹ nínú ẹ̀!"

Egbò ẹsẹ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.
Nọ́ọ̀sì Ọ̀nàbánjọ ní ara fúnra rẹ̀ ló dáná,
ó fẹ́ fi lé àrùn.
Àrùn ò lọ. Iná ò kú.
Igi wá tán nídìí ààrò,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹran itan bọ̀ ọ́.

Ìyàn kọ́ o: gààrí kíkan ń bẹ, ẹja gbígbẹ ń bẹ;
ṣíbí mẹ́ta, ó ní òun ti yó.
Ìṣó ló fi ń lu ihò sí bẹ́líìtì,
ìkarùn-ún rèé láti Iléyá.
Òrùka rẹ̀ bọ́ sínú omi ìfọwọ́, kò mọ̀.

Ọkùnrin tó ń fi èjìká ti ìrókò!
Lálẹ́ àná, èmi nìkan ni mo gbé e lọ sí balùwẹ̀.
Egungun èjìká náà ha mí lápá;
awọ gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.
Mo fọwọ́ lé e láyà.
Ó la ojú kan, ó rẹ́rìn-ín:
"Sọ̀, Adétutù.
Iná ń bẹ nínú ẹ̀."