Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà ní Ìṣọ̀kùn

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, wọ́n ti ń bi mí pé kí la fẹ́ jẹ.
Mẹ́rin ni wọ́n. Méjì ni mo bí,
méjì ni àbúrò mi kó wá láti Ìbàdàn
pẹ̀lú báàgì kan, ìgò oògùn ikọ́ kan,
àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ẹ má gbà fún wọn o."
Ó ti wọ mọ́tò padà kí n tó fèsì.

Fọlájìmí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, agbẹjọ́rò ilé:
bí mo bá pín ẹran, á gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Morẹ́nikẹ́,
á ní ọ̀kan léegun, èkejì ò ní. Ẹjọ́ dé nìyẹn.
Adéṣùyì kì í rojọ́ ní tirẹ̀, nǹkan ló ń tú.
Ó tú rédíò ọkọ mi.
Ó tú àgádágodo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn,
ó to ìdè rẹ̀ sórí ẹní bí ẹni pàtẹ ẹ̀pà,
ó tò ó padà, ó ku ẹyọ kan
tí kò mọ ibi tó ti wá.
Láti ọjọ́ náà, òkúta la fi ń ti ilẹ̀kùn.

Kúnmi ló kéré jù, ọdún mẹ́ta péré,
ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Òṣómàáló ń ṣàn lára rẹ̀.
Mo ṣèlérí bisikíìtì fún un láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,
mo gbàgbé.
Nígbà tí mo gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ,
ó ti lóṣòó síwájú mi, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́,
kò sunkún, kò sọ̀rọ̀,
ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó aṣọ láti èṣí.
Mo san án. Mo san án tèlé-tèlé.

Yunifọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlógún ló wà nílẹ̀,
àwọn ìyá ọlọ́mọ ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi,
abẹ́ ẹ̀rọ sì ti di ibùdókọ̀.
Kí n tó tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, màá kọ́kọ́ bèèrè ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀.
"Ẹ dúró ná! Èrò ń sọ̀ ní Òṣogbo!"

Ìlérí kan wà tó ju bisikíìtì lọ:
mo ní màá mú wọn lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta
ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.
Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, owó ọkọ̀ ò dé.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ibà mú Morẹ́nikẹ́,
ó sùn sórí itan mi, ó gbóná bí ààrò,
mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ọmọ ọlọ́mọ lókè orí rẹ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn, òjò.
Òjò tó ń bọ́ sórí páànù bí ẹní da òkúta wẹ́wẹ́.
Mo jókòó, ojú ọmọdé ń tì mí.
Àfi ariwo lẹ́yìnkùlé:
gọ́tà òrùlé ti já, níbi tí ọkọ mi ti ní òun á tún ṣe láti ọdún mẹ́ta,
omi ń ya wálẹ̀, funfun, ó ń hó,
àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ rẹ̀ tàwọn ti pátá.
Agbẹjọ́rò ló ké sí mi:
"Màmá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́.
Ẹ̀rìn ti wá bá wa nílé!"

Ó yẹ kí n bá wọn wí. Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni.
Mo yọ téèpù lọ́rùn, mo bọ́ bàtà,
mo wọ abẹ́ omi.
Ó tutù wọ eegun.

Wọ́n ti padà sí Ìbàdàn. Àwọn tèmi wà ní ilé ìwé.
Mo tẹ ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí láìbèèrè ọwọ́ ẹnikẹ́ni,
nǹkan kan há sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: bisikíìtì ààbọ̀,
a fi àjákù aṣọ yunifọ́ọ̀mù wé e,
oúnjẹ èrò ọ̀nà Òṣogbo.
Èèrà ti débẹ̀ ṣáájú mi.
Ìgbálẹ̀ wà nítòsí.
Mi ò tíì gbá a.