Gbọ́dọ̀

Yàrá gíláàsì ni wọ́n ń kó àwa ògbufọ̀ sí,
lókè gbọ̀ngàn, bí ẹja inú ìgò.
Ní Jẹ̀nífà ni, lóṣù kọkànlá.
Òfin iṣẹ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ:
bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ní "èmi",
"èmi" náà ni kí o wí.
Kò sí àyè fún "ó ní".

Lọ́jọ́ kẹta, Remedios Abellanosa dìde.
Láti erékùṣù Sẹ́bù ló ti wá;
ẹ̀wù òtútù tó yá wọ̀ gùn ju apá rẹ̀ lọ.
Kò mú àwòrán wá. Ó ní àwòrán ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.
Ìwé pélébé kan ló ṣí, ó ka ọ̀rọ̀ ọmọ kan
tí kò dárúkọ rẹ̀:

"Mo sọ ọ́ fún ọlọ́pàá abúlé.
Mo sọ ọ́ fún ọlọ́pàá ìlú ńlá, fún dókítà,
fún obìnrin kan tó ń tẹ fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́.
Ọkùnrin tó ń sanwó yẹn, inú ẹ̀rọ ló ti ń wò wá.
Nǹkan funfun kan máa ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀.
Àwọn ọlọ́pàá tirẹ̀ náà dé, wọ́n ní kí n tún un sọ.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni. Mo kà á.
Nígbà tí wọ́n tún dé, mo ní mi ò rántí mọ́.
Irọ́ ni. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Èmi ni mo wí i, ní èdè Sípáníìṣì,
èmi abiyamọ ọlọ́mọ méjì,
mo ní, "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí."
Níta, nǹkan funfun náà ń bọ́ sórí adágún.

Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.
Ẹyin tí a jù lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ńkọ́?

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà kan:
*orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí i pé
ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ.*
Aṣojú kan tó de táì aláwọ̀ ọsàn ní:
"Èmi ò lòdì sí ọmọdé. Ta ni yóò lòdì?
Àmọ́ 'gbọ́dọ̀' ti le jù. Ẹ jẹ́ ká fi 'ó yẹ kí' sí i."

Èmi náà ni mo wí ìyẹn.
Èmi ò lòdì. Èmi ní ó le jù.
Ẹnu kan náà, itọ́ kan náà.

Mo mọ "ó yẹ kí".
Ó yẹ kí n pe ìyá mi ní Montevidéò.
Ó yẹ kí n jáwọ́ nínú sìgá.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni owó ọkùnrin yẹn fi dé Sẹ́bù;
ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ lo oṣù mẹ́rìnlá
níbi tó ti ń dúró de òǹtẹ̀.

Aago mẹ́wàá alẹ́, wọn ò fohùn ṣọ̀kan.
Wọ́n fi àkámọ́ há "gbọ́dọ̀" mọ́ àárín,
ó di ọjọ́ Ajé.

Mo bá Remedios nídìí ẹ̀rọ kọfí.
Ó ti kọ ọ́ sábẹ́ ìlà mẹ́sàn-án inú ìwé rẹ̀:
*Ìkẹwàá. Obìnrin inú gíláàsì.*
"Òun ló yọ̀ǹda," ni ó wí,
"ó ní kí èyí jẹ́ àṣekẹ́yìn."

Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ni mo fẹ́ fi dáhùn.
Mo gbé e mì.